32-bit àti 64-bit: Ìdí tí kọ̀ǹpútà tuntun fi lè kọ ètò àtijọ́

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10. Òun ló kẹ́yìn nínú àwọn Windows tí wọ́n ṣe ní oríṣi méjì, 32-bit àti 64-bit. Windows 11, tó jáde lọ́dún 2021, kò ní ju 64-bit lọ. Ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, tàbí tó fẹ́ kó ètò ìṣirò owó tó ti ń lò tipẹ́ sórí ẹ̀rọ tuntun, ní láti mọ ohun tí nọ́ńbà méjèèjì yìí túmọ̀ sí.

Kí ni bit ń ṣe?

Bit kan jẹ́ 0 tàbí 1. Nọ́ńbà tí a fi bit tò ni processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fi ń mọ ibi tí nǹkan wà nínú RAM, ibi ìrántí rẹ̀, bí nọ́ńbà ara ilé ṣe ń júwe ilé fún àlejò. Tí nọ́ńbà náà kò bá ju bit 32 lọ, àdírẹ́sì tó lè tibẹ̀ jáde kò ju 4,294,967,296 lọ, byte kan fún àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 4GB. Bí RAM tiẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ètò 32-bit kan kò lè nawọ́ kan gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó jẹ́ kí 64-bit di dandan nìyẹn.

Ta ló lè gba ta?

Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bára mu: processor, Windows tó ń darí ẹ̀rọ, àti ètò tí èèyàn fẹ́ lò. Processor 64-bit ti Intel tàbí AMD lè gbé Windows 32-bit. Windows 64-bit náà sì lè gba ètò 32-bit. Ṣùgbọ́n Windows 32-bit kò lè ṣí ètò 64-bit, bó ti wù kí processor abẹ́ rẹ̀ lágbára tó.

Kò sí ohun tó sọ ọ́ di dandan pé kí ẹ̀rọ 64-bit gba ètò 32-bit. Lọ́dún 2001, Intel gbé Itanium jáde, processor 64-bit tí kò bá x86, ìdílé processor tí àwọn kọ̀ǹpútà Windows 32-bit ń lò, tan. Ètò tó wà nílẹ̀ ń wọ́ lórí rẹ̀. Lóṣù Kẹrin ọdún 2003, AMD gba ọ̀nà mìíràn: ó fi 64-bit kún x86 nínú processor rẹ̀ tó ń jẹ́ Opteron, ètò 32-bit sì ń sáré lórí rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lọ́dún 2004, Intel fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Ohun tí àwọn èèyàn ti fi owó rà, tí iṣẹ́ wọn dúró lé, ló borí.

Àmì ìpinnu yìí ṣì wà nínú Windows 64-bit. Inú fódà System32 ni fáìlì 64-bit wà, inú SysWOW64 ni ti 32-bit wà. Ó dà bíi pé wọ́n dorí rẹ̀ kodò, ṣùgbọ́n àìmọye ètò ló ti kọ orúkọ System32 sínú ara wọn, Microsoft kò sì fẹ́ bà wọ́n jẹ́.

Ibi tí ìfaradà parí sí

Windows 64-bit kì í gba ètò 16-bit, irú èyí tí wọ́n ṣe fún Windows 3.1. Kò sì sí ìfaradà kankan fún dírífà, ètò tí Windows fi ń darí ẹ̀rọ tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò bá ní dírífà 64-bit kò ní tẹ̀wé. Apple tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: iOS 11 lé áàpù 32-bit jáde lọ́dún 2017, macOS Catalina sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2019.

Kí lẹ lè ṣe?

Ẹ ṣí Settings, kí ẹ tẹ System, lẹ́yìn náà About, kí ẹ wo "System type". Bí ẹ bá rí "32-bit operating system, x64-based processor", ẹ̀rọ náà lè gba Windows 64-bit, ṣùgbọ́n ẹ ní láti tún un fi sí látìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ kó fáìlì yín pamọ́ ná. Bó bá jẹ́ pé inú ètò àtijọ́ kan ni àkọsílẹ̀ owó tàbí oníbàárà yín wà, ẹ kó o jáde sí irú fáìlì tí ètò mìíràn lè ṣí, bíi CSV, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ṣí i ṣì ń ṣiṣẹ́.