Bí Ìyá Bá Fẹ́ Wọ Ilé Ìtọ́jú Àgbà

Ẹ̀yin èèyàn wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta. Bí wọ́n bá ní ìyá lágbájá ti wọ care home, ńṣe làwọn èèyàn á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bíi pé wọ́n gbé ìyá jù sígbó. Òótọ́ ni pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ọmọ òkété kì í ṣiṣẹ́ alẹ́ ní London. Ṣé kì í ṣe àwa náà la pọ̀ nínú àwọn ilé ọ̀hún, tí à ń wẹ̀ fún ìyá oníyàá?

Kí ẹ tó wá ilé kankan, ẹ ké sí council. Òfin Care Act ọdún 2014 ní kí wọ́n wá yẹ àgbà tó bá jọ pé ó nílò ìtọ́jú wò lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà lówó, ì báà má ní. Ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Ìyá tó wá pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà.

Ọ̀rọ̀ owó ló le. Ní England, ẹni tí ohun ìní rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni yóò san gbogbo owó fúnra rẹ̀. Wọ́n lè ka ilé tó ń gbé mọ́ ọn, àfi bí ọkọ, ìyàwó tàbí ìbátan tó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún bá ṣì ń gbé ibẹ̀. Ilé tó kọ́ sí Ìbàdàn náà, dúkìá ni lójú wọn. Ẹ má sì sáré yí ilé sórúkọ ọmọ torí owó yìí, wọ́n lè kà á bíi pé tìyá ṣì ni. Bó bá jẹ́ àìsàn gan-an ló gbé e dè, ẹ béèrè NHS Continuing Healthcare. Ìyẹn kì í wo àpò ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti èdè. Àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní dementia lè kọ́kọ́ gba èdè tí èèyàn fi àgbà kọ́. Ìyá tó ti sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ogójì ọdún, Yorùbá nìkan ló lè kù lẹ́nu ẹ̀. Á ní "òùngbẹ ń gbẹ mí", wọ́n á ní ó ń sọ kántankàntan. Ẹ kọ "omi", "ó ń dùn mí", "mo fẹ́ tọ̀" sínú ìwé ńlá pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú care plan pé "Mama" ni kí wọ́n máa pè é. Kí ọmọ ogún ọdún máa pe ìyá ẹni lórúkọ gán-ún, àbùkù ni.

Ẹ ka ìwé àyẹ̀wò CQC lórí ilé náà, kí ẹ sì yà síbẹ̀ lásìkò oúnjẹ. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè gbé àmàlà wá, àti ta ni yóò máa dirun fún un. Kí ọkàn ìyá tó dàrú ni kó ti fọwọ́ sí ìwé lasting power of attorney o. Bó bá ti dàrú tán, ilé ẹjọ́ lẹ máa bá ara yín.

Lẹ́yìn náà, kí àwọn ọmọ pín ọjọ́ ìbẹ̀wò láàrin ara wọn. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, kó máa fi fóònù kí i ní Yorùbá nírọ̀lẹ́, torí ìrọ̀lẹ́ ni ọkàn wọn sábà máa ń dàrú jù.