Báwo ni kámẹ́rà ṣe di irinṣẹ́ ayàwòrán-ilé David Adjaye?

Ní Glass, àdúgbò etí omi kan ní Libreville, olú ìlú Gabon, ìtàn pọ̀ ju ohun tí ojú àlejò lè tètè rí lọ. Orúkọ olóyè Mpongwe kan ni àdúgbò náà ń jẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà dá ibùdó Baraka sílẹ̀ sí lọ́dún 1842, ọdún méje kí àwọn Faransé tó fi àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ akẹ́rú tẹ Libreville dó. Ta ni yóò ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lára ògiri àti òrùlé?

David Adjaye, ayàwòrán-ilé ọmọ Ghana àti Britain, fi kámẹ́rà gbìyànjú rẹ̀, Libreville sì wà lára àwọn ìlú tó dé. Dar es Salaam ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1966. Aṣojú ìjọba Ghana nílẹ̀ òkèèrè ni bàbá rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 10 ló fi ń lọ láti olú ìlú kan sí òmíràn ní Áfíríkà, àwọn ìlú náà sì lé ní 50. Ó ya ilé ìjọba, ó ya ilé ayálégbé àti ìsọ̀ ẹ̀bá títì pẹ̀lú. Wọ́n pàtẹ àwọn fọ́tò náà ní Design Museum, London, lọ́dún 2010. Lọ́dún 2011, wọ́n di ìwé alápá méje.

Ọ̀nà tó gbà tò wọ́n ló yàtọ̀. Kò fi èdè àwọn amúnisìn pín àwọn ìlú náà. Irú ilẹ̀ tí wọ́n wà ló wò: aṣálẹ̀, Sáhẹ́lì, ọ̀dàn, igbó, orí òkè àti Maghreb. Nípa bẹ́ẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa ilé kan ní Libreville kì í ṣe bóyá Faransé ló kọ́ ọ, bí kò ṣe bí ó ṣe ń gba òjò àti ooru.

Àwòrán ilé lórí ìwé ń sọ ohun tí ayàwòrán-ilé fẹ́. Fọ́tò ń sọ ohun tí onílé fi ṣe: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ti di yàrá, pálọ̀ tó ti di ṣọ́ọ̀bù.

Ojú kan náà ló fi wo iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ wà lára ohun tó bí ìrísí adé alápá mẹ́ta tó bo ilé àkójọ ìtàn àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní Washington, èyí tí òun àti àwọn ayàwòrán-ilé mìíràn jọ ṣe.

Orúkọ rẹ̀ kò wà láìsí awuyewuye. Lóṣù Keje ọdún 2023, ìwé ìròyìn Financial Times gbé ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ nípa ìbálòpọ̀ jáde láti ẹnu obìnrin mẹ́ta. Ó ní òun kò jẹ̀bi.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n ṣí ilé Washington náà. Lóṣù yẹn kan náà, wọ́n wó Ilojo Bar l'Ékòó, ilé Àgùdà tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1956. Fọ́tò ni ènìyàn fi ń rí ojú rẹ̀ báyìí.