Ta ló jọba lé wa lórí ní Òkè-Ògùn?

Tẹ̀dé ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Níléèwé, mo mọ orúkọ àwọn òyìnbó tó tẹ Amẹ́ríkà dó, ṣùgbọ́n n kò mọ ti àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbọ́ ná.

Àjẹ́lẹ̀: aṣojú tí Ọ̀yọ́ ń fi sí ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Rẹ́sídẹ́ǹtì: aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Òyìnbó ń pàṣẹ, ọba ń gbé e jíṣẹ́.

Bower: òun ló yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní 1895.

Ross: Rẹ́sídẹ́ǹtì Ọ̀yọ́, tó gbé agbára Aláàfin Ládìgbòlù ga.

Ọ̀tẹ̀ 1916: Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ètò tuntun yìí. Sójà ló fi ìbọn paná rẹ̀.

Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín, kẹ́ ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀.