Abilékọ Tí Ó Sáré Gba Wúrà

Ẹ̀yin ìyàwó ilé Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ìkòkò bá wà lórí iná tí iyọ̀ sì tán, "Sáré lọ, sáré bọ̀" ni a ó wí fún ọmọbìnrin wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá ní òun fẹ́ sá eré ìje ní ilé-ìwé, ẹ̀rù a bà wá pé yóò ba ilé ọmọ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀rù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1928, ní ìlú Amsterdam, àwọn obìnrin kọ́kọ́ sá eré 800 mítà ní Òlíńpíìkì. Lina Radke, ọmọ Jámánì, ẹni ọdún 24, ni ó gba ipò kìíní. Abilékọ ni, ọkọ rẹ̀, Georg, ni ó ń kọ́ ọ ní eré sísá. Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16.8 ni ó fi sá a. Obìnrin kankan kò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí eré parí, àwọn kan dùbúlẹ̀ láti mí. Àwọn ìwé ìròyìn bu iyọ̀ sí i, wọ́n ní àwọn obìnrin náà dákú. Àwọn aláṣẹ sì yọ eré náà kúrò fún obìnrin títí di ọdún 1960. Radke kò tún rí i sá ní Òlíńpíìkì mọ́.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹni tí ó sáré tán tí ó ń mí hẹlẹ kò kú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ní ọdún 1973, nínú Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà tí a ṣe ní Èkó, Modúpẹ́ Oshikoya, ọmọ tiwa, gba wúrà mẹ́ta nínú eré sísá àti fífò.

Bí olùkọ́ bá yan ọmọ yín láti sáré ní pápá Oníkan, ẹ fún un ní oúnjẹ àárọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ.