Ríákítọ̀: Ìjánu Iná Mànàmáná Lórí Okùn Gígùn

Bí a bá dárúkọ ríákítọ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ilé-iṣẹ́ tí a ti ń fi agbára átọ́mù pèsè iná. Kì í ṣe èyí ni a ní lọ́kàn nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ríákítọ̀ mìíràn wà tí kò bá átọ́mù da nǹkan kan pọ̀, tí kì í sì í pèsè iná rárá. Wáyà bàbà tàbí ti alumíníọ̀mù ni, tí a wé yípo lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, ohun tí ó ń ṣe ṣe pàtàkì fún gbogbo ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, nítorí pé nígbàkígbà tí iná orílẹ̀-èdè wa bá kú pátápátá, ríákítọ̀ wà lára ohun tí ó ń pinnu bí iná yóò ti tètè padà tó.

Ìdí tí fóltéèjì fi ń ga ní ìparí okùn

Omi tí ó gba inú páìpù gígùn kọjá a máa dínkù ní agbára kí ó tó dé òpin. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná ń rí nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń lò ó púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tí ń lò ó kò bá tó nǹkan, bí irú ọ̀gànjọ́ òru, òdì kejì rẹ̀ ni a máa ń rí: fóltéèjì ní ìparí okùn a máa ga ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí, lórí okùn fóltì 10,000 tí Sebastian de Ferranti fi ń gbé iná láti Deptford wọ àárín ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Ohun tí ó ń fà á nìyí. Iná tí à ń lò nílé kì í ṣàn sí apá kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó sì ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn iná tí a ta sókè àti ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ a máa ṣe bí kàpásítọ̀ ńlá kan: wọn a gba iná pamọ́, wọn a sì tún dá a padà. Iná àgbàpamọ́ yìí ń gba inú okùn náà kọjá, ó sì ń gbé fóltéèjì ga sí i bí ó ti ń lọ.

Fóltì 330,000 ni ti àwọn olórí okùn iná ní Nàìjíríà. Bí a bá fi í sí ìbẹ̀rẹ̀ okùn tí ó gùn ní kìlómítà 300, tí ẹnikẹ́ni kò sì lo iná ní ìparí rẹ̀, ìṣirò fi hàn pé a ó bá bíi fóltì 347,000 níbẹ̀. Bí okùn náà bá gùn tó kìlómítà 500, yóò tó bíi 381,000. Okùn tí ó ti Káínjì lọ sí Birnin Kebbi ju kìlómítà 300 lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ọbẹ̀ kì í ṣeé jẹ; bí fóltéèjì bá pọ̀ jù, ó lè ba tíráńsífọ́mà olówó iyebíye jẹ́.

Ríákítọ̀ tí a so láti okùn sí ilẹ̀

Oògùn àrùn yìí ni irú ríákítọ̀ kìíní, èyí tí a so ẹnu rẹ̀ kan mọ́ okùn, tí a sì so ìkejì mọ́ ilẹ̀. Ìwà kọ́ìlì lòdì sí ti kàpásítọ̀. Nígbà tí okùn bá ń dá iná padà, kọ́ìlì a máa gbà á. Nígbà tí okùn bá ń gbà, kọ́ìlì a máa fi sílẹ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì ń ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn, tí fóltéèjì kò sì ní ga kọjá ààlà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń di ooru tí ó sì ń ṣòfò.

Lójú, ó jọ tíráńsífọ́mà: àgbá irin ńlá tí ó kún fún epo. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé okùn wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn kankan kò jáde láti fi gbé iná fún ìlú. A mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo sí àárín irin tí a wé wáyà yí ká, kí agbára òòfà má baà kún inú irin náà ju bí ó ti lè gbà lọ. Agbára òòfà náà ń fa àwọn irin wọ̀nyí mọ́ra ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá súnmọ́ ibẹ̀ fi ń gbọ́ tí ó ń kùn. Nígbà tí ìlò iná bá pọ̀ lálẹ́, a lè yọ ọ́ kúrò lórí okùn, nítorí pé bí a bá fi í sílẹ̀, fóltéèjì yóò lọ sílẹ̀ jù.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gan-an. Nígbà tí iná bá kú káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn òṣìṣẹ́ ní ibùdó ìdarí iná tí ó wà ní Òṣogbo ní láti mú un bọ̀ sípò ní ìpele-ìpele. Wọn a bẹ̀rẹ̀ láti ibùdó kan tí ó lè dá dìde, wọn a sì máa fi iná sí okùn kan lẹ́yìn òmíràn. Okùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná sí kò tíì ní ẹni tí ń lò ó ní ìparí rẹ̀. Ohun tí Ferranti rí gan-an ni. Bí ríákítọ̀ bá bàjẹ́ ní ibi tí ó yẹ kí ó wà, a ó ní láti wá ọ̀nà mìíràn gbà, tàbí kí ìlú tí ó wà ní ìparí okùn náà máa dúró. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí iná bá pẹ́ kí ó tó dé ni ó jẹ́ pé iná kò sí ní orísun rẹ̀.

Ríákítọ̀ tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá

Irú kejì wà lójú ọ̀nà iná fúnra rẹ̀. Bí igi bá wó lu okùn, tàbí tí wáyà bá kan ara wọn, iná tí yóò ya lọ síbẹ̀ lè ju ti ojoojúmọ́ lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Kọ́ìlì kì í fẹ́ kí ìṣàn iná yí padà lójijì. Nítorí náà, ó ń dín ọ̀gbàrá náà kù títí bírékà yóò fi já a. Èyí kì í sábà ní irin nínú, nítorí pé irin lè kún fún òòfà ní àkókò tí a nílò rẹ̀ jù lọ. Ó dà bí ìlù ńlá tí a gbé dúró lórí ẹsẹ̀ tánganran ní gbangba. Òòfà rẹ̀ ń tàn jìnnà débi pé bí irin ọgbà ìtòsí bá ṣe òrùka tí kò ní àlàfo, irin náà lè gbóná.

Àwọn irú mìíràn

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Waldemar Petersen ará Jámánì ṣe kọ́ìlì kan tí a ń so láàárín ojú àárín tíráńsífọ́mà àti ilẹ̀. Bí wáyà kan bá kan ilẹ̀, kọ́ìlì yìí a pa iná tí ń ṣẹ́ níbẹ̀, láìjẹ́ pé a já iná gbogbo àdúgbò. Òmíràn wà fún iná tí ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo, irú èyí tí a ń gbé láti ìdídò Cahora Bassa ní Mòsáńbíìkì dé ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ìrìn tí ó ju kìlómítà 1,400 lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú kí ìṣàn náà tẹ́jú láìsí ìgbì.

Òfin kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé, èyí tí Michael Faraday fi hàn ní ọdún 1831, tí àwọn ọmọ wa sì ń kọ́ ní yàrá físíìsì nígbà tí wọ́n bá wé wáyà mọ́ ìṣó. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bi yín léèrè ohun tí wáyà wíwé wúlò fún, ẹ lè tọ́ka sí ibùdó iná tí ó súnmọ́ yín. Nígbà tí a bá sì ń béèrè pé kí ìjọba fi kún iná tí a ń pèsè, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè pẹ̀lú nípa okùn tí yóò gbé e àti ríákítọ̀ tí yóò kó o níjàánu.