Ewu Méjì Nínú Ọ̀rọ̀ Kan: Àwọn Akọ́lé Wa ní Peckham àti Ìwé Ẹ̀rí Ààbò

Bí ẹ bá ti dé Peckham ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù rí, ẹ ó mọ̀ pé kò pọn dandan kí ènìyàn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó tó ra ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ ní Rye Lane. Abájọ tí àwọn kan fi ń pe ibẹ̀ ní Èkó kékeré. Ṣùgbọ́n bí bíríkìlà kan láti Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú Òde bá fẹ́ bá wọn ṣiṣẹ́ níbi ilé tí ìjọba ń fowó sí, èdè tó fi ra ẹ̀wà yẹn kò ní mú un wọlé. Ìwé ni wọn yóò béèrè. Mo fẹ́ ṣàlàyé irú ìwé tí ó jẹ́, àti ìdí tí ó fi jẹ́ pé èdè ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn wa dúró lẹ́nu géètì, kì í ṣe iṣẹ́.

Oríṣi ìwé méjì ni. Èkíní jẹ́ ti òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn káàdì CSCS tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Òfin ìjọba kò sọ pé dandan ni, àmọ́ àwọn kọngilá ńláńlá kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní in kọjá. Kí lébìrà tó rí i gbà, ó ní láti ṣe ẹ̀kọ́ ààbò kékeré kan, kó sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà dáhùn ìbéèrè 50 láàárín ìṣẹ́jú 45. Ní ti bíríkìlà àti káfíńtà, wọ́n ní láti fi ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ bíi NVQ kún un. Ìwé kejì jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Òfin CDM ti 2015 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún ènìyàn gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹni náà mọ̀ ọ́n ṣe láìfi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu. Nítorí náà, àwọn káńsù máa ń gba ìwé ẹ̀rí àwọn àjọ bíi CHAS, tí a dá sílẹ̀ ní 1997. Àjọ náà yóò wo ìlànà ààbò yín, èyí tí òfin ní kí ẹ kọ sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ yín bá ti tó márùn-ún. Yóò wo ẹ̀kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ́ àti àkọsílẹ̀ ìjàǹbá. Inṣọ́ránsì òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù £5.

Ẹ má ṣe rò pé àṣejù òyìnbó lásán ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje 2009, iná jó Lakanal House, ilé káńsù gíga kan ní Camberwell tí kò jìnnà sí Peckham rárá. Ènìyàn 6 ló kú, ọmọdé 3 wà nínú wọn. Ìwádìí fi hàn pé àwọn pátákó tí wọ́n fi sábẹ́ fèrèsé nígbà tí wọ́n ń tún ilé náà ṣe kò dènà iná bó ṣe yẹ. Ní 2017 káńsù Southwark gbà níwájú ilé ẹjọ́ pé àwọn jẹ̀bi òfin ààbò iná, wọ́n sì bu ìtanràn £270,000 lé wọn, yàtọ̀ sí owó ẹjọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Grenfell jó ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí ènìyàn 72 sì kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ńkọ́? Láàárín oṣù Kẹrin 2023 sí oṣù Kẹta 2024, àwọn 138 ló kú lẹ́nu iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Wales àti Scotland, 51 nínú wọn sì jẹ́ akọ́lé. Jíjábọ́ láti òkè ló ń pa akọ́lé jù.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n kan wà tí mo mọ̀ ní Peckham, bíríkìlà láti ìgbà tó ti wà ní Mushin. Ó ti ní káàdì tẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fún àgbà òṣìṣẹ́ nígbà náà bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti jẹ́rìí sí i pé ó mọṣẹ́. Gbogbo irú káàdì bẹ́ẹ̀ ló kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024. Ẹni tó ti mọ ilé fún ọgbọ̀n ọdún wá di akẹ́kọ̀ọ́! Ó gbé ìwé ìdánwò wá bá mi, ó fi ìka sí ọ̀rọ̀ méjì, “hazard” àti “risk”, ó ní, “Dókítà, ṣebí ewu ni méjèèjì?”

Òótọ́ ló sọ. Ewu náà ni èmi pẹ̀lú ì bá kọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ kò lè dáhùn ìdajì ìbéèrè yẹn, ẹ kò sì lè kọ ìwé tí CHAS ń béèrè. Mo sọ̀rọ̀ títí, kò yé e. Òun fúnra rẹ̀ ló wá já a. Ó ní, “Kànga tí kò lómọrí, ewu ni. Bó bá wà nínú igbó, ọ̀tọ̀ ni. Bó bá wà lẹ́nu ọ̀nà jẹ́léósinmi, ọ̀tọ̀ ni.” Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe èkíní ní ohun eléwu, tí a sì ń pe èkejì ní ìwọ̀n ewu: bó ṣe ṣeé ṣe tó kí ó ṣẹlẹ̀, àti bí ìpalára rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ìwé tó ń já àwọn ènìyàn láyà yẹn kò ju kí ẹ rí kànga, kí ẹ wo ẹni tó ń kọjá níbẹ̀, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ ó fi bò ó.

Ìṣòro kejì kì í ṣe ti ọ̀rọ̀, ti ọ̀wọ̀ ni. Irú ìbéèrè kan wà: o rí ọ̀gá rẹ níbi tí kò yẹ kó dúró sí, kí lo máa ṣe? Ẹ̀gbọ́n mú “Má sọ nǹkan kan”. Ó ní ọ̀gá kúkú mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ló máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọṣẹ́ kì í pàṣẹ fún ọ̀gá. Àmọ́ láti 1974 ni òfin ibí ti ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́ ara rẹ̀ àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè kàn. Mo ní kó sọ ọ́ bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Mushin. Ó rò ó díẹ̀, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, pákó yẹn ò dúró dáadáa.” Ṣé ẹ rí i? Kò pàṣẹ, kò sì dákẹ́.

Asbestos gba àkókò wa. Wọ́n fòfin dè é pátápátá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1999, nítorí náà ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 2000 lè ní in nínú, ilé káńsù Peckham sì kún fún irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀. Síìlìn lásán la mọ̀ ọ́n sí nílé. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti fọwọ́ fọ́ ọ láìmọye ìgbà. Eruku rẹ̀ kì í yún ènìyàn lójú, àìsàn rẹ̀ sì lè pẹ́ tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jáde. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìgbà kejì ló yege ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. NVQ rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Kò nílò kíláàsì, olùyẹ̀wò ló ń wá bá a níbi iṣẹ́, tó ń wò ó bó ṣe ń to bíríkì, tó sì ń bi í léèrè ìdí. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kí wọ́n máa dán àgbà oníṣẹ́ wò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí a kò rí ìtumọ̀ fún: ìjàǹbá tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀. “Orí yọ mí” ni à ń sọ, a ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Wọn kò gbà bẹ́ẹ̀ níbí, wọ́n fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé kí ó má bàa pa ẹlòmíràn lọ́la. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n pè mí lórí fóònù. Bíríkì kan já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Orí, lẹ́yìn náà òun lọ sí ọ́fíìsì, òun sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: aago mẹ́wàá, bíríkì kan, láti òkè kejì, kò ba ẹnikẹ́ni.