Ṣé o mọ̀? Ara táyà tírélà ni wọ́n kọ ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ sí

Wo ẹ̀gbẹ́ táyà tírélà dáadáa, o lè rí 152/148 níbẹ̀. 152 dúró fún kìlógíráàmù 3,550, bí táyà náà bá dá wà. Bí wọ́n bá de méjì pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, 148 ni kí o tẹ̀ lé: 3,150 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé. Bí ẹrù bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ ní àtẹ̀jù, á gbóná, á sì bẹ́ lórí eré. Ẹ̀mí ló ń bá a lọ!

Bí tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà, jọ̀ọ́, má wo dídúdú rẹ̀ nìkan. Rọ́bà ń gbó kódà nínú ìsọ̀. Wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ní ìlà tí wọ́n kọ DOT sí lára ẹ̀gbẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.